Nọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣọ́ Èémí Wa Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Tọ́jú Ọkàn

 

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, níbi tí a ti máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ènìyàn nínú ọgbà mọ́sáláṣí wa ní Ìbà, ìyá àgbà kan láti Okokomaiko fi ìbínú jókòó síwájú wa. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e wá. Dókítà ti ní kó wá ya àwòrán iṣan ọkàn, èyí tí wọ́n máa ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan kí wọ́n tó lè ṣe é. Oṣù mélòó kan ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi dá owó rẹ̀ jọ. Agogo mẹ́rin ìdájí ni wọ́n kúrò nílé nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ìyá jẹ láti òru. Ìyá ní òun kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá wọn lọ ló sọ̀rọ̀: “Màmá, ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ mu ńkọ́? Àti omi hàǹtù tí Alfa fi ránṣẹ́?” Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ bá dókítà, wọ́n sì sún iṣẹ́ ọjọ́ náà di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀kọ lásán àti omi Kùránì,” ìyá wí fún wa, “ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ní yóò pa mí?”

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ó ti dé etí wa ní oríṣiríṣi ọ̀nà, lẹ́nu àwọn oníṣòwò Alábà, lẹ́nu àwọn awakọ̀ Ìyànà-Ìbà, lẹ́nu olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀jọ́. Òun ló jẹ́ kí á fi abala ti oṣù yìí sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀sì kan tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í rántí ojú rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá jí, ìyẹn ẹni tó ń fún wọn ní oògùn ìtòògbé, tó sì ń ṣọ́ wọn títí ojú wọn yóò fi là dáadáa.

Kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ la àyà ènìyàn kí wọ́n tó tún ọkàn rẹ̀ ṣe, wọ́n ní láti kun ún lóorun pátápátá, ẹ̀rọ ni yóò sì máa bá a mí. Iṣẹ́ dókítà akunnilóorun ni ìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Òyìnbó, sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìtọ́jú ọkàn lónìí kò gba kí wọ́n la àyà. Wọ́n lè gba inú iṣan dé ọkàn láti wo ibi tó dí, wọ́n sì lè tibẹ̀ ṣí i. Wọ́n lè ti ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ awọ àyà kó máa rán ọkàn létí láti lù. Wọ́n lè fi iná mànàmáná díẹ̀ dá ọkàn tó ń lù ségesège padà sí ìlù rẹ̀. Kò dìgbà tí ará Okokomaiko bá dé Enugu mọ́ kó tó rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, ilé ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín wà ní Gbàgádà, àwọn aládàáni wà ní Ìkòyí, ilé ìwòsàn olùkọ́ni Babcock náà sì wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, ìtòògbé ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, wọn kì í fẹ́ oorun àsùnwọra. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa ìrora ojú ibi tí rọ́bà yóò gbà wọlé, wọ́n á sì fi oògùn mìíràn mú kí ara aláìsàn balẹ̀, kí ẹ̀rù má bà á, kó lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pè é, kó dáhùn. Bí wọ́n bá ní kó mí kanlẹ̀, kó mí kanlẹ̀. Láàárín ìtòògbé àti oorun tí èémí lè ti dúró, àlàfo tó wà níbẹ̀ kò fẹ̀ rárá, ènìyàn sì lè ré e kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà ló ṣe gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju pé kó máa wo aláìsàn. Ọwọ́ dókítà wà lára rọ́bà, ojú rẹ̀ wà lójú ẹ́sìréè. Kò lè máa wá iṣan ọkàn kó tún máa ka èémí. Níbi tí dókítà akunnilóorun kò bá ti sí nítòsí, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà ni àṣẹ dókítà ń gba ọwọ́ rẹ̀ jáde, òun sì ni olùṣọ́.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1929, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan tó ń jẹ́ Werner Forssmann ní ìlú Eberswalde lórílẹ̀-èdè Jámánì gbà pé ènìyàn lè ti rọ́bà bọ iṣan ọwọ́ títí dé ọkàn kó má sì kú. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì Gerda Ditzen ló ń tọ́jú àwọn irinṣẹ́, kò sì sí bí Forssmann ṣe lè rí wọn láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì yìí títí tó fi gbà, tó tiẹ̀ ní kó fi òun dán an wò. Forssmann so ó mọ́ orí tábìlì, ó ṣe bí ẹni pé apá nọ́ọ̀sì ni òun ń pèsè sílẹ̀, àṣé apá ara rẹ̀ ló ti fún ní abẹ́rẹ́ tó sì ti ń ti rọ́bà bọ̀. Inú bí obìnrin náà nígbà tó mọ̀, ṣùgbọ́n ó bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ́sìréè, wọ́n sì gbé dígí sí i níwájú kó lè rí ibi tí orí rọ́bà dé. Ọdún 1956 ni wọ́n fún Forssmann àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Wọn kò fún Gerda Ditzen ní nǹkan kan. Ní tiwa, a rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹ̀kọ ìyá àgbà. Ní ọ̀fun wa, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí a bá lajú, bí omi bá fẹ́ ṣìnà, a ó wúkọ́ kíkankíkan, yóò sì jáde. Oògùn ìtòògbé máa ń mú kí olùṣọ́ ọ̀fun yìí náà tòògbé. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn, tó sì pọ̀ padà, ó lè ya sí ẹ̀dọ̀fóró láìsí ikọ́ tí yóò dá a dúró. Omi ikùn kan, ẹ sì ti mọ bó ṣe ń korò tó nígbà tí ènìyàn bá bì, ó lè jó ẹ̀dọ̀fóró débi tí aláìsàn tó wá tọ́jú ọkàn yóò fi bá ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ amúnimí. Òfin tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé ni pé kí oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́ ti kúrò lẹ́nu fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí oúnjẹ ọlọ́ràá bí àkàrà àti ẹran díndín ti kúrò fún wákàtí 8, kí omi lásán sì ti kúrò fún wákàtí 2. Ilé ìwòsàn mìíràn lè ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, nítorí ikùn tirẹ̀ kì í tètè ṣófo. Èyí tí wọ́n bá sọ fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀kọ kì í ṣe omi. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀kọ mímu, kókó, tíì oní-mílíìkì, gbogbo wọn oúnjẹ ni lójú ikùn. Obì àti orógbó náà ńkọ́? A mọ àwọn bàbá wa kan tí yóò fi gbogbo ẹnu sọ pé àwọn kò jẹun, obì á sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Kò purọ́, lójú tirẹ̀ obì kì í ṣe oúnjẹ. Nítorí náà, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé aláìsàn lọ má ṣe béèrè pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Kó béèrè pé, “Kí ló wọ ẹnu yín láti àná, kódà bó ṣe obì?”

Ní ti omi hàǹtù àti omi Sámúsámù, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. A ti bá ìmáàmù wa sọ ọ́, èrò wọn kò sì yàtọ̀ sí tiwa: ẹ mu ún ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ ṣe àdúà yín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ láti àkókò tí ilé ìwòsàn dá. Ẹ má ṣe bu ún fún aláìsàn ní kọ̀rọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá yíjú. Omi hàǹtù tilẹ̀ ní tàdáwà nínú, kì í ṣe omi mímọ́ gaara tí òfin wákàtí 2 ń sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti mu ún, ẹ sọ. A kò tíì rí nọ́ọ̀sì tó bá ènìyàn jà torí pé ó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n a mọ èyí tó bú sẹ́kún nígbà tí aláìsàn ń bì lórí tábìlì lẹ́yìn tó ti búra pé ikùn òun ṣófo.

Ààwẹ̀ Ramadan ní tirẹ̀. Ẹlòmíràn á ní, “Mo ń gbààwẹ̀, nítorí náà ikùn mi ṣófo.” Ó jẹ sàárì ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, iṣẹ́ sì wà ní agogo mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ péré nìyẹn! Ṣẹríà ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti fi ààwẹ̀ sílẹ̀ kó sì san án padà nígbà tí ara bá yá. Ẹ lo ìyọ̀ǹda yẹn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọkàn tí kì í ṣe pàjáwìrì ni a sì lè bẹ dókítà pé kó fi sí lẹ́yìn ọdún ìtúnu.

Àwọn oògùn fúnra wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé báyìí, nítorí iṣẹ́ wa nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Méjì ni wọ́n sábà máa ń lò pọ̀. Midazolam ń múni tòògbé, ó sì ń lé ẹ̀rù lọ. Fentanyl ń pa ìrora, ẹ̀yà kan náà sì ni òun àti tramadol tí gbogbo Ìyànà-Ìbà mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fa èémí sẹ́yìn. Bí a bá lo méjèèjì pọ̀, agbára wọn kì í ṣe ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀kan, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í tú u sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á fún aláìsàn ní díẹ̀, á dúró fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, á pè é lórúkọ, á wo bó ṣe dáhùn, kó tó fi òmíràn kún un. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mílígírámù 1.5 midazolam ni òpin ohun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ sùúrù yìí. Nígbà tí midazolam ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ń lò ó bí ẹni ń lo diazepam tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló lágbára jù ú lọ dáadáa. Àwọn ènìyàn dákẹ́ èémí, ọ̀pọ̀ sì kú, kí wọ́n tó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tí wọ́n sì fi ìkìlọ̀ ńlá sára rẹ̀.

Oògùn kan tún wà tó ń jẹ́ propofol, funfun bíi mílíìkì. Òun ló pa Michael Jackson ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009. Dókítà tó ń fún un, dókítà ọkàn ni. Ohun tí ilé ẹjọ́ torí rẹ̀ dá a lẹ́bi ní ọdún 2011 kì í ṣe pé oògùn náà kò dára, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó ní ilé ìwòsàn káàkiri ayé. Inú yàrá ìbùsùn ló ti fún un, láìsí ẹ̀rọ tó yẹ, ó sì fi ẹni tó sùn sílẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ èémí. Ọ̀rọ̀ yìí ni a máa ń fi dá àwọn ọ̀dọ́ lóhùn tí wọ́n bá wá sí ilé oògùn pé kí á bá àwọn wá “abẹ́rẹ́ tí yóò mú àwọn sùn”.

Fún midazolam àti fentanyl, oògùn adápadà wà: flumazenil fún ti àkọ́kọ́, naloxone fún èkejì. Nọ́ọ̀sì á ti gbé wọn sí ìtòsí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára àwọn adápadà yìí lè tètè lọ kí ti oògùn tó múni sùn tó tán, kí ẹni tó ti jí tún padà sùn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi jẹ́ kí ẹ tètè gbé aláìsàn lọ bí wọ́n bá ti lo wọ́n fún un. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba owó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ yín.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ kan. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, èrò Ìyànà-Ìbà sí Mile 2 ló ń gbé. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìlù ọkàn rẹ̀ tó ń lù ségesège. Ó wá bá wa ní ilé oògùn lálẹ́ ọjọ́ kan kó tó di ọjọ́ iṣẹ́, ó fà wá sí kọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì ti béèrè lọ́wọ́ òun ní kílínìkì oògùn tí òun ń lò, òun sì ní kò sí. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta rèé tí òun ti ń lo tramadol láràárọ̀ kí òun tó gun ọkọ̀, àti àgbo jẹ̀dí olómi ògógóró nírọ̀lẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ló jókòó tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan péré ni. Ìwádìí ńlá tí àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ní àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ìjọba wa, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní ti ọdún 2018, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ga jù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Àwọn ènìyàn yìí náà ń kírun pẹ̀lú wa, ọkàn tiwọn náà sì ń ṣàìsàn.

Kí ni òótọ́ awakọ̀ yìí yóò ṣe fún nọ́ọ̀sì? Ara tó ti mọ́ tramadol lára lè má gbọ́ fentanyl ní ìwọ̀n tí ara ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ. Yóò máa rora, yóò máa yí, nọ́ọ̀sì yóò sì máa fi kún un láìmọ ìdí. Bó bá sì lo tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ láti fi gbójú, tí wọ́n tún wá fún un ní ti ilé ìwòsàn, méjèèjì yóò pàdé nínú ẹ̀jẹ̀, èémí lè dúró. Tramadol tún lè fa gìrì, pàápàá bó bá pọ̀. Ọtí inú àgbo náà bá midazolam mu níbi kí wọ́n múni sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lexotan àti Valium tí àwọn ìyá wa kan ń rà ní kẹ́mísì lóṣooṣù, tí wọ́n ń pè ní “oògùn oorun”, tí wọn kò sì kà á sí oògùn gidi. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá a dúró lójijì ní ọjọ́ méjì sí iṣẹ́ náà tún ń fa wàhálà mìíràn, torí ara yóò máa béèrè, ọkàn yóò sì máa sáré.

A sọ fún awakọ̀ náà pé kó pe nọ́ọ̀sì, kó ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó padà sọ fún wa ni pé nọ́ọ̀sì kò yíjú, kò wàásù, iye mílígírámù àti agogo ìgbà tó lò ó kẹ́yìn nìkan ló béèrè. Wọ́n ní kó wá rí dókítà, wọ́n sún ọjọ́ síwájú díẹ̀, wọ́n sì ní kí dókítà akunnilóorun wà níbẹ̀ fún tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan láti ẹnu wọn, nítorí àṣírí aláìsàn ni. Bó ti ń wa ọkọ̀ lónìí pẹ̀lú tramadol tàbí láìsí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, a kò tíì fi í sílẹ̀.

Ohun mìíràn tí ẹ ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń béèrè, tó sì máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ni pé, “Ṣé ẹ máa ń hanrun?” Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń hanrun kíkan, tí èémí rẹ̀ ń dúró lóru tó tún ń fò dìde, ọ̀nà èémí rẹ̀ máa ń tètè dí nígbà tó bá sùn. Ìyàwó tàbí ọkọ ló lè dáhùn èyí jù, ẹni tó ń sùn kì í gbọ́ ara rẹ̀. Wọ́n á tún béèrè nípa eyín àtọwọ́dá. Ẹ yọ ọ́ nílé.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì á máa wo ìfúnpá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á máa wo ìlù ọkàn, á sì máa wo ẹ̀rọ kékeré tó há ọmọ ìka, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ń wálẹ̀ sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ ti ń di kíákíá. Ẹ̀yin obìnrin wa tó ń lé làálì, ẹ gbọ́ èyí. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń tàn gba inú ìka kọjá. Làálì dúdú kirimú lórí ìka àti èékánná, tàbí ọ̀dà èékánná, lè má jẹ́ kó ríran dáadáa. Ẹ fi ìka kan sílẹ̀ láìlé, tàbí kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó fi ẹ̀rọ náà há etí.

Àwọ̀ wa gan-an náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2020, àwọn oníwádìí Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń sọ pé ọ́síjìn aláwọ̀ dúdú dára nígbà tí kò dára, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ gbọ́ tán. Á tún máa wo bí àyà ṣe ń gbéra sókè, á máa wo inú ètè àti ahọ́n bóyá ó ti ń pàwọ̀ dà, á máa fetí sí èémí. Ní ibi tí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí a mí síta bá wà, òun ló ń kọ́kọ́ ké pé èémí ti dúró, kó tó hàn lórí ọmọ ìka. Nítorí wíwo ètè yìí, ìbòjú gbọ́dọ̀ kúrò lójú fún àkókò náà. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní aṣọ mímọ́ bo irun àti ara. Ẹ bẹ̀ wọ́n ṣáájú, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ti wà lórí tábìlì. Ní ti ońdè àti tírà awọ tí àwọn kan so mọ́ ìbàdí, ìmáàmù wa ni yóò sọ tirẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Tiwa ni pé irin inú rẹ̀ ń hàn nínú ẹ́sìréè, nọ́ọ̀sì yóò sì ní kí ẹ yọ ọ́.

Ó tún ku ohun kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Midazolam ń gba ìrántí. Aláìsàn lè wà lójúfò, kó dáhùn gbogbo ìbéèrè, kó tiẹ̀ bá dókítà ṣeré, lẹ́yìn wákàtí kan kó búra pé wọn kò ṣe nǹkan kan fún òun. A ti bá àwọn ọmọ kan sọ̀rọ̀ rí tí wọ́n fẹ́ lọ gbé ilé ìwòsàn lẹ́jọ́ nítorí pé bàbá wọn ní, “Wọ́n kàn tẹ́ mi sílẹ̀, wọ́n sì gbowó.” Ojú abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ọkàn rẹ̀ wà nínú fáìlì. Nítorí èyí ni nọ́ọ̀sì ṣe gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ ìpadàsílé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Aláìsàn á fi orí gbà á, á sì gbàgbé kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ bá a lọ, kó sì bá a bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Mile 2 dé Marina ti mú ọ̀nà Ìkòyí rọrùn díẹ̀ fún wa, Okokomaiko sì ni wọ́n là á kalẹ̀ pé yóò dé. Síbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn ìtòògbé kò gbọ́dọ̀ dá wọ ọkọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà rárá. Títí di ọjọ́ kejì, kó má wakọ̀, kó má dáná, kó má tọwọ́ bọ ìwé ilẹ̀ tàbí ti owó, kó má sì lo oògùn oorun kankan àyàfi èyí tí dókítà bá mọ̀ sí. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ sì máa gbé e lọ. Bó bá ń sùn tí ẹ kò rí i jí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ní ti ìrun, àlùwàlá ti bàjẹ́ pẹ̀lú oorun yẹn, ẹ tún un ṣe nígbà tí orí bá ti fúyẹ́, ẹ jókòó kírun bí dídìde bá ń yọ yín lójú.

Àwọn kan béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àwọn lè béèrè pé ta ni yóò ṣọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fún bàbá wa ní oògùn ìtòògbé, ta ni yóò máa wo èémí wọn?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni yóò máa wò ó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè síwájú sí i. A mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò pọ̀ tó. Ní oṣù kejì ọdún 2024, a rí bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe jáde wọ́de nítorí ìlànà tuntun tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé jáde lórí àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ẹni tó kù nílé ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn nígbà tó bá béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìdí tó fi ń béèrè.

Ìyá Okokomaiko padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Alẹ́ tó ṣáájú ló mu omi hàǹtù rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì fi kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Wọ́n ya àwòrán náà. Ó ní òun kò rántí nǹkan kan àfi ohùn obìnrin kan tó ń pe òun ní “Màmá, ẹ mí kanlẹ̀ fún mi.”

Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín tí wọ́n bá ti fún ní ọjọ́ fún iṣẹ́ ọkàn, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú àpò kan, ti dókítà, ti kẹ́mísì, ti alágbo, pẹ̀lú ìgò bíttà, kí ẹ gbé e wá bá wa nínú ọgbà mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn Àsárì. A ó bá yín kọ orúkọ wọn sórí ìwé kan tí ẹ ó fún nọ́ọ̀sì. A kì í gba owó.